Ṣọ́ọ̀ṣì tí Wọ́n Fẹ́ Wó ní Treichville

Inú mi ṣì máa ń ru bí mo bá rántí ìpàdé tí alága ìgbìmọ̀ ìjọ wa ti ní kí á wó ṣọ́ọ̀ṣì wa ní Treichville, kí á kọ́ ilé alájà síbẹ̀, kí ìsàlẹ̀ rẹ̀ jẹ́ ṣọ́ọ̀bù. Àwọn Yorùbá oníṣòwò tó ṣí wá síbẹ̀ láti ilé ló kọ́ ilé náà kí Faransé tó gbé ìjọba sílẹ̀. Ìyá mi fi orí ru yanrìn rẹ̀ láti etí ọ̀sà nígbà tó lóyún mi.

Mo dìde, mo ní nǹkan kan ò ṣe ògiri rẹ̀, páànù ló ń jò. Alága, tó ń ta ẹ̀yà ara ọkọ̀ ní Adjamé, rẹ́rìn-ín músẹ́.

“Pùròfẹ́sọ̀, lítíréṣọ̀ lẹ̀ ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì. Ẹ fi ilé kíkọ́ sílẹ̀ fún àwọn tó mọ̀ ọ́n.”

Àwọn kan bá a rẹ́rìn-ín. Mo jókòó, etí mi ń gbóná.

Mo gba méríì, ọ́fíìsì ìjọba ìbílẹ̀, lọ. Mo bi ọ̀dọ́mọkùnrin tó wà nídìí ọ̀rọ̀ ilé bóyá òfin lè dáàbò bo ilé àtijọ́ bẹ́ẹ̀. Kò tilẹ̀ gbójú sókè. Ó fi Faransé dá mi lóhùn pé ohun àjogúnbá orílẹ̀-èdè ni òfin ń ṣọ́, pé ilé tí àwọn àlejò kọ́ ni tiwa. Àlejò! Èmi tí wọ́n bí sí Treichville, tí mò ń fi ìwé àwọn òǹkọ̀wé ilẹ̀ náà kọ́ àwọn ọmọ wọn. Mo bi í bóyá òun ti ka ọ̀kan rí nínú àwọn ìwé náà. Ó ní kí n jáde.

Mo wá ń lọ bá àwọn ìyá ìjọ lọ́kọ̀ọ̀kan, ní ọjà, àti nílé wọn ní Yopougon, mò ń sọ fún wọn ohun tí alága fẹ́ ṣe.

Lọ́jọ́ kan tí mo wà lẹ́nu iṣẹ́, ọ̀kan nínú àwọn ìyá náà tẹ ọ́fíìsì mi láago pé wọ́n ti ń ṣí òrùlé ṣọ́ọ̀ṣì. Mo fi àwọn akẹ́kọ̀ọ́ mi sílẹ̀. Kí n tó débẹ̀, oòrùn ti ń ta sórí pẹpẹ. Mo bi alága pé ta ló fún un láṣẹ. Ó ní ìgbìmọ̀ ni. Ọmọ ìgbìmọ̀ ni mí. Ẹnikẹ́ni ò pè mí sí ìpàdé kankan.

A ṣì ń fà á nígbà tí àwọn ìyá dé láti ọjà. Wọn ò bá ẹnikẹ́ni jà. Wọ́n gbọn eruku orí àga, wọ́n jókòó sínú oòrùn, wọ́n bẹ̀rẹ̀ orin. Àwọn lébìrà gbé òòlù sílẹ̀. Alága ní kí wọ́n dìde. Èyí tó dàgbà jù nínú wọn, opó kan tó ń fi ọ̀pá rìn, wò ó.

“Ọmọ mi, ibí ni wọ́n ti gbé òkú ọkọ mi jáde. Bí o bá máa wó o, wó o lé wa lórí.”

Alága wọ ọkọ̀ rẹ̀, ó lọ. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé e, ìjọ pinnu pé páànù tuntun ni kí wọ́n kàn. Nígbà tí a ń dúpẹ́ pé iṣẹ́ parí, àlùfáà rọ̀ wá pé kí á gbàgbé ohun tó ti kọjá. Èmi ò gbàgbé. Èmi àti alága ń kí ara wa títí ó fi kó lọ sí Cotonou, ṣùgbọ́n a ò jọ jókòó lórí àga gígùn kan náà mọ́ nínú ṣọ́ọ̀ṣì.