Bí Ràfíù Kan Ṣe Di Mẹ́rin

Dókítà fún mi di ọjọ́ Jímọ̀. "Bí ẹ̀rọ yìí ò bá dá mi lóhùn lọ́jọ́ náà, a ó padà sídìí káàdì wa, ìwọ náà á padà sílé bàbá ẹ."

Èmi ni wọ́n kọ́kọ́ gbà síṣẹ́ kọ̀ǹpútà nílé ìwòsàn rẹ̀ ní Ìwó, láàárín àwọn ọdún 1990. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ ti yunifásítì dé, ẹnu mi sì gùn ju ìrírí mi lọ. Nínú ètò tí mo kọ́, ènìyàn kọ̀ọ̀kan dá dúró ní odindi, pẹ̀lú àìsàn rẹ̀, agboolé rẹ̀ àti okùn tó so ó mọ́ ẹbí rẹ̀. Èyí tó dùn mọ́ mi jù ni pé, bí o bá bi ẹ̀rọ ní ìbéèrè kan, o lè mú ìdáhùn náà, kí o tún bi òun náà ní ìbéèrè. Mo fi ìyẹn yangàn títí ó fi sú àwọn nọ́ọ̀sì.

Lọ́jọ́ Ajé, mo ní kí ẹ̀rọ kó gbogbo ará agboolé kan jáde; nínú wọn, kó ṣa àwọn ọkùnrin tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru. Mẹ́rin jáde: Ràfíù, Akọ̀wé, Adúmáadán àti Bàbá Kékeré. Ìyá Sílífá, nọ́ọ̀sì àgbà wa, bú sẹ́rìn-ín.

"Ta ló sọ orúkọ wọn fún ẹ?"

"Inú káàdì ni Ràfíù ti wá, mà; àwọn ìyàwó ilé ló sọ ìyókù."

"Ó tán! Ìyàwó wo ló máa pe àbúrò ọkọ ẹ̀ lórúkọ? Kálukú ló fún un ní tiẹ̀. Ràfíù kan ṣoṣo ni gbogbo wọn!"

Ojú tì mí. Ìyá tèmi gan-an ò pe àwọn àbúrò bàbá mi lórúkọ rí. Orúkọ ni mo fi dá ènìyàn mọ̀ nínú ètò náà, bẹ́ẹ̀ olùkọ́ mi ní yunifásítì ti pariwo títí pé orúkọ kọ́ ni ẹni. Mo bá tún gbogbo rẹ̀ tò: ẹnì kan, nọ́ńbà kan tí kì í yí padà, orúkọ bó bá ṣe pọ̀ tó. Èmi àti Ìyá Sílífá rin agboolé dé agboolé títí ẹsẹ̀ fi wú.

Lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun, Ràfíù jáde lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, orúkọ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin so mọ́ ọn. Inú Dókítà dùn, ó ní kí n béèrè òun alára lọ́wọ́ ẹ̀rọ. Mo wo Ìyá Sílífá. Ó wo àjà. Nígbà tí a ń rìn, ìyàwó ẹ̀gbọ́n Dókítà la bi léèrè orúkọ rẹ̀ ní agboolé tiwọn. Mo bi ẹ̀rọ.

Asunkún-jẹran ló jáde.

Àwọn nọ́ọ̀sì sá síta kí ẹ̀rín tó pa wọ́n. Dókítà yọ awò ojú rẹ̀, ó nù ún.

"Pa ìyẹn rẹ́."

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, bí mo bá pa á rẹ́, ìyàwó ẹ̀gbọ́n yín ò ní rí yín nínú ẹ̀rọ mọ́. Kò ní orúkọ míì tó lè pè yín."

Mo ti ń wo àpò ẹrù mi. Dókítà fi awò ojú rẹ̀ padà sójú, ó ní, "Máa bọ̀ lọ́jọ́ Ajé."

Láti ọdún náà, gbogbo Iléyá ni Dókítà ń fi itan àgbò ránṣẹ́ sí mi kí ẹnu mi lè dí. Mo jẹ ẹran náà, mi ò sì pa orúkọ náà rẹ́.