Báàjì Àyà Ọ̀gá Mi

Ohun tó níyì jù láyé nígbà náà ni báàjì ike kékeré tí àwa òṣìṣẹ́ ìtànṣán ní ọsibítù ń há mọ́ àyà. Adé kò tó o, ìlẹ̀kẹ̀ ìjòyè kò sún mọ́ ọn. Fíìmù pélébé inú rẹ̀ ló ń sọ bí ìtànṣán tó wọ ara ẹni ṣe pọ̀ tó, inú yàrá iṣẹ́ nìkan ló sì yẹ ká ti máa lò ó. Ṣùgbọ́n ọ̀gá mi ń wọ̀ ọ́ lọ síbi ìkómọ àti ìsìnkú. Bí ẹnikẹ́ni bá bi í pé kí nìyẹn, á kọ́kọ́ wúkọ́.

Títí dòní, bí mo bá gbóòórùn táyà tó ń jó, Bẹẹrẹ ni ọkàn mi ń lọ. Ọdún tí àwọn olóṣèlú ń sunlé ara wọn ni. Ìyá kan láti Bẹyẹrúnkà wà ní wọ́ọ̀dù wa, gẹ̀gẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fún un lọ́rùn pa. Dókítà kò fẹ́ fọ̀bẹ kàn án láìjẹ́ pé ó rí ibi tó burú gan-an. A fún un ní oògùn tó ń tan ìtànṣán láti inú ọrùn, ṣùgbọ́n àwòrán tí ẹ̀rọ wa yà rí bí ẹ̀kọ tó dà sílẹ̀, torí pé òkúta dídán tó ń gba ìtànṣán nínú rẹ̀ ń gbà á lọ́tùn-ún lósì. La bá gbé ẹ̀rọ náà tọ alágbẹ̀dẹ kan lọ ní Ọ̀rányàn. Ó yọ́ òjé, ó rọ ẹ̀wù nínípọn kan fún òkúta náà, ihò tóóró kan ló sì fi síwájú, kó lè máa wo ọ̀ọ́kán nìkan.

Bí a ṣe ń darí bọ̀, àwọn jàǹdùkú dá mọ́tò wa dúró ní Bẹẹrẹ. Ẹ̀rọ náà wà lórí itan mi, mo fọwọ́ méjèèjì gbá a mọ́ àyà. Ọ̀kan lára wọn na àdá sí ọ̀gá mi.

"Bàbá, báàjì ẹgbẹ́ wo lẹ há mọ́yà yẹn?"

Ọ̀gá mi wúkọ́. "Ti ẹgbẹ́ kọ́. Àwa ọ̀mọ̀wé díẹ̀ la ń lò ó."

"Ọ̀mọ̀wé! Àwọn tó bá wọn ka ìbò èrú gan-an là ń wá! Ẹ wẹ́tì ẹ̀!"

Wọ́n wọ́ ọ bọ́ sílẹ̀. Kùmọ̀ àkọ́kọ́ ká eyín rẹ̀ méjì, ìkejì ṣẹ́ ọwọ́ tó fi ń borí. Ẹ̀jẹ̀ ń kán sára báàjì náà, ẹnìkan sì ń da bẹntiróòlù lé e lẹ́yìn.

"Ìwọ, bọ́ǹbù lo gbé yẹn? Gbé e sílẹ̀!"

"Ẹ̀rọ ọsibítù ni, ẹ̀gbọ́n. Gẹ̀gẹ̀ la fi ń wò."

"Mo ní gbé e sílẹ̀!"

N kò gbé e sílẹ̀. Wọ́n lù mí léjìká títí apá mi fi kú. Àdá kan dún gbàǹgàn lára òjé. Wọ́n ti ń ṣáná nígbà tí mọ́tò kan tó ta àsíá ẹgbẹ́ gidi yọ láti ọ̀nà Màpó, ni wọ́n bá ya lọ bò ó. Dẹ́rẹ́bà wa gbé ọ̀gá mi jù sẹ́yìn mọ́tò, a sá. Mo ń gbọ́ igbe àwọn tó wà nínú mọ́tò kejì yẹn.

Òjé náà tẹ̀, òkúta inú rẹ̀ kò sán. Àwòrán ọrùn ìyá náà mọ́ gaara, dókítà gé gẹ̀gẹ̀ náà, ìyá sì yè. Lórí bẹ́ẹ̀dì, ọ̀gá mi fi ẹnu tí eyín méjì ti ká ní kí n bá òun wá báàjì tuntun. Mo fi í ṣe yẹ̀yẹ́ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Èmi ni wọ́n ń pè ní akọni ní tiwọn, ọkùnrin tó fẹ́ kú nítorí aláìsàn. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá ń yin akọni kan létí mi, ohun tó gbá mọ́ àyà ni mo máa ń fẹ́ gbé kúrò wò.

Báàjì tèmi wà láyà mi lábẹ́ ẹ̀rọ yẹn; bí mo bá gbé e sílẹ̀, wọn á rí i. Mo ti há a mọ́ àyà gba Ọjà'ba kọjá láàárọ̀ ọjọ́ náà, kí wọ́n lè bi mí pé kí nìyẹn.