Cordarius Tolliver, Ẹni Tó Mọ̀ọ́mọ̀ Gbàgbé

Bí ẹ bá dé Tillery ní Mississippi, tí ẹ béèrè ẹni tí iyè inú rẹ̀ mú jù lọ, Cordarius Tolliver ni wọ́n á dárúkọ fún yín. Kí n tètè sọ ọ́ kó má baà di ìjà: ìyẹn tẹ́lẹ̀ ni o. Nígbà tó wà lọ́mọdé, ìyá rẹ̀, Miss Verlene, kì í kọ nǹkan sórí ìwé bó bá ń rán an níṣẹ́. Yóò ka gbogbo ohun tó fẹ́ rà sí i létí lẹ́ẹ̀kan, láti orí ìyẹ̀fun àgbàdo títí dé orí abẹ́rẹ́ ìránṣọ, ọmọ náà yóò sì kó gbogbo rẹ̀ délé láìku ẹyọ kan. Bí àlùfáà bá ṣi ẹsẹ Bíbélì kà lọ́jọ́ Ìsinmi, Cordarius ni yóò tún un ṣe láti ìjókòó ẹ̀yìn, ìyá rẹ̀ yóò sì fi abẹ̀bẹ̀ gbá a lórí. Ẹ fi orí yẹn sọ́kàn o.

Ẹ̀bùn ńlá ni, àbí? Kí ni wọ́n wá fẹ́ fi ṣe? Ṣé kó di adájọ́ ni, àbí kó di dókítà? Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́! Ọmọ tó ga tó ilẹ̀kùn, tó fẹ̀ tó fìríìjì, bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń fi irú ẹ̀ gbá ní Tillery. Kì í sì í ṣe bọ́ọ̀lù ẹlẹ́sẹ̀ o, èyí tí wọ́n ń gbé sábẹ́ apá sá lọ bí ẹni jí adìẹ gbé ni mò ń wí. Àárín àwọn adínà ni wọ́n fi Cordarius sí, ní iwájú pátápátá. Iṣẹ́ rẹ̀ kò le rárá: kí géńdé méjì ya lù ú lẹ́ẹ̀kan náà, kó má ṣubú, kí ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ lè ráyè mú ẹni tó gbé bọ́ọ̀lù. Ẹni ẹ̀yìn yẹn ni gbogbo ènìyàn ń pàtẹ́wọ́ fún. Adìẹ ń làágùn, ìyẹ́ ni kò jẹ́ ká mọ̀.

Ohun tó mú un yàtọ̀ náà ni iyè rẹ̀ yìí. Bí ẹni tó kọjú sí i bá ṣe tẹ ọwọ́ mọ́lẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, Cordarius ti mọ ibi tí bọ́ọ̀lù ń lọ, nítorí ó rántí bí onítọ̀hún ṣe tẹ̀ ẹ́ lọ́dún tó kọjá. Latrice, ọmọbìnrin tó ń fẹ́ nílé ẹ̀kọ́, tó padà di ìyàwó rẹ̀, kò lè bá a jiyàn láé.

"Mi ò sọ bẹ́ẹ̀," Latrice á ní.

"O sọ ọ́. Lẹ́yìn ọgbà Miss Pruitt ni. Aṣọ pupa lo wọ̀, ò ń jẹ èso píìṣì, omi ẹ̀ sì kán sí ẹ láyà."

"Ìwọ ọmọkùnrin yìí, lọ́jọ́ kan màá fi nǹkan sí oúnjẹ ẹ kó o lè gbàgbé."

Wọ́n á jọ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ti wá di nǹkan tí Latrice kì í fẹ́ rántí báyìí.

Nígbà tó tó àkókò tí àwọn ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù ńlá ń yan ọmọ tí wọ́n máa gbà, wọ́n yan, wọ́n yan, wọ́n tún yan. Àwọn àlejò tó wá wo tẹlifíṣọ̀n nílé Miss Verlene jẹ ẹja díndín tán, wọ́n nu ẹnu, wọ́n lọ sílé wọn, kí ẹgbẹ́ kan lápá àríwá tó rántí pé Cordarius wà láyé. Kò burú. Ẹni tó bá wọlé gba ẹ̀yìnkùlé náà kúkú ti wọlé.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tó dé ọ̀hún, kí wọ́n tó gbá bọ́ọ̀lù kankan, wọ́n ní kí gbogbo àwọn agbábọ́ọ̀lù wá ṣe ìdánwò ọpọlọ. Kì í ṣe láti mọ ẹni tó gbọ́n o. Ta ló fẹ́ mọ ìyẹn? Wọ́n fẹ́ mọ bí orí kálukú ṣe ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣì pé ni. Lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá a lórí, wọ́n á tún ìdánwò náà ṣe fún un, wọ́n á fi ti òní wé ti àná. Ètò tó dára ni. Ètò tó dára sì ni ayé máa ń gbọ́n jù.

Rufus Pettaway, àgbà adínà tí gbogbo ìka ọwọ́ rẹ̀ ti wọ́, ló fà á sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Àbúrò, wọ́n á ka ọ̀rọ̀ márùn-ún fún ẹ, wọ́n á ní kó o tún un kà. Má rántí ju méjì lọ."

"Ẹ̀gbọ́n, kí ló dé? Mo lè kà á fún wọn láti ẹ̀yìn wá síwájú."

"Ẹ wá wo ọ̀dẹ̀! Ta ló bẹ̀ ẹ́ pé kó o gba ipò kìíní? Tó o bá mọ márùn-ún lónìí, lọ́jọ́ tí wọ́n bá gbá ẹ lórí, márùn-ún yẹn náà ni wọ́n á béèrè. Tó ò bá rí i kó kalẹ̀, wọ́n á ní orí ẹ ti dàrú, kó o lọ jókòó. Ẹni tó bá sì jókòó níbí, ẹlòmíì ti gba ipò ẹ̀ nìyẹn. Ṣùgbọ́n tó o bá ti jẹ́ olódo látilẹ̀…"

"Wọn ò ní mọ ìyàtọ̀."

"Ehn-ehn! O ò wá rí i pé orí ẹ pé?"

Bí ẹni tí orí ẹ̀ pé jù lọ ní Tillery ṣe wọlé nìyẹn tó lọ fi ara rẹ̀ ṣe olódo. Arábìnrin tó ń ṣe ìdánwò ka ọ̀rọ̀ náà: àgùntàn, ṣíbí, afárá, òroǹbó, fìtílà. Cordarius họ orí. Ó wo àjà ilé. "Àgùntàn," ló wí, "àti… ṣé ẹ ní bàtà ni?" Arábìnrin náà káàánú rẹ̀ débi pé ó fún un ní súìtì. Cordarius àti Pettaway rẹ́rìn-ín títí wọ́n fi fẹ́rẹ̀ẹ́ ṣubú nínú yàrá ìwẹ̀. Lọ́dọọdún ni wọ́n ń yí ọ̀rọ̀ padà, lọ́dọọdún náà ni Cordarius ń gbàgbé wọn dáadáa. Ó gbó nínú iṣẹ́ náà.

Ọgbọ́n náà sì ṣiṣẹ́, kí n má parọ́. Lọ́jọ́ kan tí òjò dídì ń bọ́, àwọn géńdé méjì gbé e sókè, wọ́n fi orí rẹ̀ gúnlẹ̀. Nígbà tó dìde, ó kọjá lọ bá ẹgbẹ́ tí wọ́n ń bá figagbága, ó lọ dúró láàárín wọn bí ìbátan wọn. Àwọn dókítà ẹgbẹ́ mú un jáde, wọ́n ka ọ̀rọ̀ fún un. Ó rántí méjì. Wọ́n wo ti tẹ́lẹ̀: méjì. "Kò sí nǹkan tó ṣe é," ni wọ́n wí, wọ́n dá a padà sórí pápá, àwọn èrò sì pariwo ayọ̀ bíi pé òkú ló jí. Ohun tó dùn mọ́ni níbẹ̀ ni pé lọ́jọ́ yẹn, kò díbọ́n. Méjì náà ló mọ̀ lóòótọ́.

Ó pe Latrice lórí fóònù, ó ń ṣe fáàrí.

"Ìyàwó, mo tún tàn wọ́n jẹ!"

"Ta lo tàn jẹ?"

"Àwọn dókítà ni."

"Cord, àwọn dókítà ló ni orí yẹn ni?"

"O ò mọ bí iṣẹ́ yìí ṣe rí. Ẹni tó bá jókòó ti lọ nìyẹn."

Latrice gbé fóònù sílẹ̀. Ọkọ rẹ̀ lórí pápá, òun nílé, ọmọ wọn Zaria lórí itan rẹ̀. Báyìí ni Cordarius ṣe ṣiṣẹ́ náà láti ọdún dé ọdún, tí wọ́n ń ya lù ú, tó ń dìde, tó ń rántí méjì. Ẹni tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ di ìlúmọ̀ọ́ká, wọ́n ya àwòrán rẹ̀ sára ògiri. Ti Cordarius, orókún rẹ̀ ni wọ́n ya ní fọ́tò, nílé ìwòsàn. Nígbà tí ẹgbẹ́ rí ọmọ tó kéré jù ú lọ, wọ́n pè é lórí fóònù, wọ́n dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, ó di ará Tillery padà.

Tillery gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Wọ́n fi orúkọ rẹ̀ sọ yàrá tí àwọn ọmọléèwé ti ń gbé irin, wọ́n sì ṣi orúkọ náà kọ. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í sọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́yìn. Ó kọjá lára Kóòṣì Haskew tó kọ́ ọ ní bọ́ọ̀lù, kò kí i. "Owó ti gun orí ẹ̀." Ó gbé ìkòkò kaná, ó jáde lọ, ilé fẹ́rẹ̀ẹ́ jóná. "Ọ̀lẹ ni." Ó fi Zaria sílẹ̀ ní ilé ẹ̀kọ́ títí ilẹ̀ fi ṣú. Lọ́jọ́ yẹn, Latrice alára bínú.

"Ọmọ ẹ, Cord! Ọmọ ẹ tó o bí! Ṣé o ò nífẹ̀ẹ́ wa mọ́ ni? Sọ fún mi kí n mọ̀!"

Ọkùnrin náà kàn ń wò ó. Inú ń bí Latrice síbẹ̀. Àfi lọ́jọ́ Ìsinmi kan tí Latrice tẹ̀lé e lẹ́yìn lọ kí Miss Verlene, tó rí i tí ọkọ rẹ̀ kọjá ilé tí wọ́n ti bí i, tó lọ ń kan ilẹ̀kùn aládùúgbò, tó ń pe, "Mama, ẹ ṣílẹ̀kùn, èmi ni." Ibẹ̀ ni inú tó ń bí Latrice ti tán. Ẹ̀rù ló gba ipò rẹ̀.

Ó wádìí kiri, wọ́n ní àwọn tó ń darí gbogbo ẹgbẹ́ bọ́ọ̀lù náà máa ń tọ́jú àwọn adínà tí bọ́ọ̀lù bá ba orí wọn jẹ́. Dókítà tó mọ ọpọlọ yóò máa rí wọn, yóò máa kọ́ wọn bí wọ́n ṣe lè di ìyókù mú kó má baà lọ tán. Ohun kan ṣoṣo ni wọ́n fẹ́: kí dókítà àwọn fọwọ́ sí i pé bọ́ọ̀lù ló bà á jẹ́ lóòótọ́. Wọ́n wa ọkọ̀ lọ bá Dókítà Lindqvist, dókítà àwọn adarí náà, Latrice ló wà á. Ní ẹnu ọ̀nà, ó di kọ́là ẹ̀wù ọkọ rẹ̀ mú.

"Má fi ṣeré o. Lónìí, ṣe é dáadáa."

"Mo gbọ́."

Ìgbà àkọ́kọ́ nìyẹn tí Cordarius Tolliver máa fi gbogbo ara ṣe ìdánwò náà. Dókítà ka ọ̀rọ̀ márùn-ún. Òógùn bo ọkùnrin náà. Ó di ọwọ́ méjèèjì mọ́ etí tábìlì bí ẹni tí wọ́n fẹ́ ya lù. Ó jà, ó jà, ọ̀rọ̀ fi àáké kọ́rí. Nígbà tó ṣe, ó gbé ọ̀rọ̀ mẹ́ta jáde, ó sì mí kanlẹ̀.

Dókítà Lindqvist fi ẹ̀rọ rẹ̀ wo ti àtijọ́. Ojú rẹ̀ kún fún ẹ̀rín.

"Ọ̀gbẹ́ni Tolliver, ẹ kú oríire! Ọ̀rọ̀ méjì lẹ rántí nígbà tí ẹ bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́. Mẹ́ta lẹ rántí lónìí. Orí yín sàn ju ti tẹ́lẹ̀ lọ."

Ẹ gbọ́ ná. Ọkùnrin fi orí fọ́ ògiri láti ìgbà ọ̀dọ́ rẹ̀, wọ́n ní ó ti ṣe orí rẹ̀ láǹfààní. Bí àwa tó kù bá mọ̀, à bá ti máa fọrí gbá igi.

"Ó díbọ́n ni!" Latrice figbe ta. "Ó mọ ọ̀rọ̀ yẹn nígbà náà! Gbogbo wọn ló ń díbọ́n!"

"Ìyáàfin, ṣé ìgbà yẹn ló tàn wá jẹ ni, àbí ìsinsìnyí ló ń tàn wá?"

Cordarius gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ mọ́ kedere, ó dà bíi ti ọmọ tí wọ́n rán lọ sọ́jà.

"Àgùntàn," ló wí. "Ṣíbí. Afárá. Òroǹbó. Fìtílà. Mo mọ̀ ọ́n nígbà náà, sà. Mi ò fẹ́ sọ ni."

Dókítà wo ẹ̀rọ rẹ̀. Márààrún ló pé. Latrice pàtẹ́wọ́, omi bọ́ lójú rẹ̀. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ á bá a. Òtítọ́ ti bá a wàyí. Dókítà Lindqvist pa ẹ̀rọ rẹ̀ dé jẹ́jẹ́.

"Ẹ ṣeun, Ọ̀gbẹ́ni Tolliver. Ẹni tó ṣì ń rántí ọ̀rọ̀ tí wọ́n kà fún un nígbà tó jẹ́ ọmọ tuntun nínú iṣẹ́, kí ló wá ń ṣe iyè rẹ̀? Mi ò lè fọwọ́ sí i."

Kò sí ẹ̀bẹ̀ tí Latrice ò bẹ̀. Ó bẹ̀ títí ó fi bínú, ó bínú títí ó fi rẹ̀ ẹ́, nígbẹ̀yìn ó fa ọkọ rẹ̀ lọ́wọ́, wọ́n jáde. Nínú ọkọ̀, kò lè yí kọ́kọ́rọ́. Ó gbé orí lé ìdarí ọkọ̀, ó ń sunkún. Cordarius gbé ọwọ́ ńlá rẹ̀ lé e lẹ́yìn, ó rọra ń tù ú nínú, bí ọkọ rere.

"Ó tó, Latrice. Má sunkún. Ṣé wọn ò tíì pè wá ni? Tí wọ́n bá pè wá, mi ò ní fi ṣeré. Mo ti ṣèlérí fún ẹ."