Epo Pupa Nínú Ọ̀pá Ìwúkàrà

Òórùn ìwúkàrà ló máa ń kọ́kọ́ kí ènìyàn káàbọ̀ sí láàbù ilé-ìwé wa n'Ílàró nígbà tí mo ń kẹ́kọ̀ọ́ níbẹ̀, òórùn ẹmu tó ti kan díẹ̀, tó dà pọ̀ mọ́ ti búrẹ́dì tí kò tíì jinná. Láàárọ̀ ọjọ́ tí mo fẹ́ sọ yìí, bí mo ṣe ń ti ìta padà bọ̀, òórùn mìíràn wà níbẹ̀, mo sì ti mọ̀ ọ́n kí n tó ṣílẹ̀kùn. Epo pupa ni. Kí ni epo pupa ń wá ní láàbù, lọ́jọ́ tí olùyẹ̀wò láti ìta ń bọ̀ wá wo iṣẹ́ àṣekágbá wa?

Èmi àti obìnrin kan láti Òkè-Ọ̀dàn la jọ ń ṣe iṣẹ́ náà. Ó jù mí lọ dáadáa, ó ti bímọ, Ẹ̀gbọ́n ni gbogbo kíláàsì ń pè é. Ó ti fìdí rẹmi nínú iṣẹ́ yìí kan náà lọ́dún tó ṣáájú, wọ́n sì ti sọ fún un pé bó bá tún rí bẹ́ẹ̀, kó máa lọ sílé. Tèmi ò le tó yẹn, èmi ṣì lè tún un ṣe. Tirẹ̀ ti dópin síbẹ̀.

Ohun tí a kàn pọ̀ ò ju ọ̀pá rọ́bà fífẹ̀ kan tó mọ́ gaara lọ, tí a ki ọ̀pá tín-ínrín sí àárín rẹ̀. Ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ tí àwọn tó ń sin ẹja máa ń lò la so mọ́ ìdí rẹ̀. Afẹ́fẹ́ á máa gbé omi ìwúkàrà gòkè nínú ọ̀pá àárín, omi á tún máa sọ̀ kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, á sì máa yí bẹ́ẹ̀ láìsí ohun kankan tó ń rò ó. Bó bá lọ́ra, ìwúkàrà á sùn sí ìsàlẹ̀, kò ní rí afẹ́fẹ́ tó. Láti mọ bó ṣe ń pò pọ̀ sí, a ó kán aró búlúù sí i lókè, a ó wá máa wo aago títí gbogbo rẹ̀ á fi di àwọ̀ kan. Ohun tí olùyẹ̀wò ń bọ̀ wá wò gan-an nìyẹn.

Mo bá Ẹ̀gbọ́n tó ń nu tábìlì. Nígbà tí mo lọ ra pẹtiróòlù sí jẹnẹrétọ̀, ìfófó ti ru jáde lẹ́nu ọ̀pá, ó ń kó ìwúkàrà wa dà sílẹ̀.

"Mo ṣe é bí a ti ń ṣe ẹ̀wà tó bá ń hó," ló wí. Epo tó rà fún ọbẹ̀ alẹ́ ló dà sí i.

Lóòótọ́, ìfófó ti rọlẹ̀ wọ̀ọ̀. Ṣùgbọ́n omi tó funfun láná ti pọ́n bí ọbẹ̀, ta ni yóò rí aró búlúù nínú ìyẹn? Èyí tó tún burú jù, epo ti sọ afẹ́fẹ́ tó ń ru wẹ́wẹ́ nínú omi di ńláńlá, wọ́n kàn ń sáré gòkè ni, wọn ò gbé omi dáadáa mọ́. Inú bí mi, kí n má purọ́. Mo fẹ́ jágbe mọ́ ọn, àmọ́ ohùn olùkọ́ wa àti ti àlejò rẹ̀ ti dé ẹnu ọ̀nà.

Olùyẹ̀wò wo ọ̀pá náà títí. Gẹ̀ẹ́sì ló ti ń sọ bọ̀, ṣùgbọ́n nígbà tí òórùn yẹn kàn án nímú, Yorùbá ló jáde. "Ta ló sebẹ̀ síbí?"

Olùkọ́ wa ò rẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ń wolẹ̀. Mo rò ó pé èmi ṣì lè padà wá lọ́dún tó ń bọ̀, òun ò lè padà wá mọ́.

"Èmi ni, sà," ni mo wí.

"Ó dáa. Báwo ló ṣe ń yí kó o tó da epo sí i? Kí lo rí lẹ́yìn tó o dà á?"

N kò rí èyíkéyìí nínú wọn, nítorí n kò sí níbẹ̀.

"Irọ́ ló ń pa, sà. Èmi ni," ni Ẹ̀gbọ́n wí. Ó ro gbogbo rẹ̀, látorí ẹ̀wà dórí epo. "Mo dà á jù, sà. Ẹ wo bí afẹ́fẹ́ yẹn ṣe tóbi. Á lọ́ra gan-an ni."

"Báwo lo ṣe fẹ́ mọ bó ṣe lọ́ra tó, nígbà tí aró ò lè hàn?"

Ẹ̀gbọ́n lọ mú tẹmómítà méjì, ó ki ọ̀kan sókè, ó ki èkejì sísàlẹ̀, ó sì da omi gbígbóná láti inú fúláàsì sí i lókè dípò aró. Gbogbo wa bẹ̀rẹ̀ mọ́ ọn, à ń wo ti ìsàlẹ̀ bó ṣe ń rá gòkè díẹ̀díẹ̀ títí tó fi bá ti òkè dọ́gba. Ó lọ́ra bó ṣe wí gẹ́lẹ́.

"Tó o bá máa tún un ṣe ńkọ́?" ni olùyẹ̀wò bi í.

"Ẹ̀kán kan péré, sà. Màá sì wá epo tí kò láwọ̀."

Wọ́n fún wa ní máàkì tó tó, àwa méjèèjì. Nígbà tí wọ́n jáde tán, mo ń retí kó dúpẹ́ lọ́wọ́ mi. Ó kàn fajú ro ni. "Ta ló ní kó o gbà á rù fún mi?" Ó dùn mí púpọ̀, mo bínú sí i fún ọjọ́ bíi mélòó kan.

Ó pẹ́ kó tó yé mi. Ká ní olùyẹ̀wò gba irọ́ mi gbọ́ ni, èmi ni ìbá máa bi léèrè, èmi tí n kò rí nǹkan kan. Ohun tí Ẹ̀gbọ́n fi yege lọ́jọ́ náà, inú àṣìṣe rẹ̀ ló wà, òun nìkan ló sì mọ̀ ọ́n. Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, mo sì ń pe ìyẹn ní àánú.