Ọjọ́ Tí Mo Bá Àbúrò Mi Lọ Ra Sítóòfù

Bí wọ́n bá ní kí n búra, màá búra pé mo fẹ́ràn àbúrò mi. Ìyá kan náà ló bí wa, ẹ̀yìn mi ló sì dàgbà sí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tó wá bá mi ní Kémta, tó ní ọkọ òun ti parí ilé oúnjẹ tó ń kọ́ fún òun ní Pápáláńtò, kí n tó rántí láti kí i kú oríire, owú ti gún mi láyà.

Èmi ni mo kọ́ ọ ní oúnjẹ sísè. Ó ti lé lógún ọdún tí mo ti ń se oúnjẹ tà lẹ́yìn ilé wa, ìdí igi ni mo ṣì wà. Ọkọ mi ti ń ṣèlérí páànù tó máa fi bo ibẹ̀ láti ìgbà tí àkọ́bí wa wà ní jẹ́lé-ó-sinmi. Ọmọ náà ti gba dìgírì báyìí, òjò ṣì ń pa mí. Àbúrò mi, tí kò mọ bí wọ́n ṣe ń dáná nígbà tí mo gbà á sọ́dọ̀, ni wọ́n wá lẹ táìsì fún nínú kíṣìnnì. Kí ló máa ṣe tí mi ò ní jowú?

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi lọ ra àwọn nǹkan ìdáná. Èmi ò mọ èyí tó dára, èyí tó ń dán nìkan ni mo mọ̀.”

Mo ní kò burú. Mo wé gèlè tí mo máa ń wé lọ síbi ìsọmọlórúkọ, kí àwọn tó ń tajà má baà pè mí ní ọmọ-ọ̀dọ̀.

Ní ṣọ́ọ̀bù tí a lọ ní Kútọ̀, àbúrò mi tì mí síwájú. Ó sọ fún ọkùnrin tó ń tajà pé, “Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Ẹ̀gbọ́n mi rèé o. Èyí tí wọ́n bá ní ó dára ni mo máa rà.”

Mo fi ìka kan àwọn ìkòkò, èyí tí ìdí rẹ̀ bá fẹ́lẹ́, mo tì í sẹ́yìn, torí ọbẹ̀ á máa jóná nínú rẹ̀. Mo ní kí wọ́n tan fìrísà, mo fi etí tì í. Ihò síǹkì kan kéré, mo ní ìrẹsì á dí i lọ́jọ́ kìíní gan-an. Ọkùnrin náà ní, “Ah, màmá, ẹ mọ iṣẹ́ yìí o!” Orí mi wú. Mo gbàgbé pé ẹlòmíràn ni mò ń bá yan nǹkan. Mo ti ń ro ibi tí màá gbé fìrísà sí. Ìgbà tí ọkùnrin náà béèrè ibi tí mọ́tò máa já ẹrù sí, tí àbúrò mi dáhùn pé Pápáláńtò, ni mo rántí.

Inú bí mi. Inú bíbí yẹn ni mo gbé dé ìdí sítóòfù.

Méjì ló wà níbẹ̀. Ọ̀kan ń dán, ojú iná mẹ́fà, ó ga dé àyà àbúrò mi, torí èèyàn kúkúrú ni. Èkejì jẹ́ irin dúdú, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò dé orúnkún, kò lẹ́wà rárá. Ẹni tó bá mọ láfún rò mọ̀ pé èèyàn gbọ́dọ̀ ga ju ìkòkò lọ. O máa bẹ̀rẹ̀ ni, kí o fi èjìká méjèèjì tẹ ọmọorógùn. Láfún sì ni àwọn awakọ̀ tó ń kó sìmẹ́ńtì máa ń béèrè lọ́sàn-án, torí tiwọn ni ọkọ àbúrò mi ṣe kọ́ ilé oúnjẹ náà sí Pápáláńtò. Mo wo sítóòfù, mo wo àbúrò mi, mo sì mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, èwo ni kí n mú?”

Mo lanu. Mo rántí àdìrò mi nínú òjò. Mo ní, “Èyí tí ọkàn rẹ bá fẹ́ ni.”

Ó fọwọ́ pa èyí tó ń dán lára, ó rẹ́rìn-ín. Ọkùnrin náà sáré kọ ọ́ sílẹ̀. Títí a fi délé ni mò ń sọ fún ara mi pé mi ò purọ́. Kí nǹkan rẹ̀ ṣáà tàsé díẹ̀ ni mo fẹ́, díẹ̀ péré.

Lọ́jọ́ tí wọ́n ṣí ilé oúnjẹ náà, mo ti wà níbẹ̀ láti àárọ̀. Ìrẹsì jinná, ọbẹ̀ dùn. Nígbà tó di ọ̀sán, tábìlì kún, àwọn awakọ̀ ní láfún làwọn fẹ́. Àbúrò mi gun orí kéèsì mínírà níwájú sítóòfù, ó ki ọmọorógùn bọ ìkòkò. Ìkòkò ń yí, kéèsì ń mì. Díẹ̀ ló kù kó ṣubú, láfún gbígbóná sì ta sí i lọ́wọ́. Kí a tó sọ ìkòkò kalẹ̀, gbogbo rẹ̀ ti di kókó. Àwọn awakọ̀ dìde lọ́kọ̀ọ̀kan, wọ́n sọdá sí òdì kejì títì lọ jẹun.

Ọkọ rẹ̀ wọlé, ojú rẹ̀ le. “Irú sítóòfù wo lo rà yìí? Ṣé o ò rí ẹni tó mọ iṣẹ́ mú dání ni?” Ó wò mí.

Àbúrò mi fi ọwọ́ tó bó pamọ́ sínú ìró. Láti ọjọ́ tó ti fẹ́ ọkùnrin náà, mi ò gbọ́ kó dá a lóhùn rí.

“Ẹ má fi ọ̀rọ̀ kan ẹ̀gbọ́n mi o. Tí wọ́n bá mọ̀ ni, wọn ì bá ti sọ fún mi.”

Ó wá yíjú sí mi, omi ti lé ròrò sí i lójú. “Ẹ jọ̀ọ́, ẹ̀gbọ́n mi, ẹ má bínú sí i.”

Mo ní mi ò bínú.