Ìfun Ìyá Ìyàwó Mi Kì Í Ṣe Àga

Àga tìmùtìmù ni mò ń ṣe ní Ajangbadi, ìbọn píìnì ni mo sì fi ń jẹun. Tí mo bá ti na léda sórí igi tán, màá yìn ín, tá tá tá, ó parí. Ẹ má bi mí bóyá ó ń tú. Ó ń tú. Oníbàárà mi kan ní Okokomaiko máa ń jókòó bí ẹni jábọ́ látorí òrùlé, kí ni píìnì fẹ́ ṣe sí ìyẹn?

Ìdí nìyẹn tí àyà mi fi já lọ́jọ́ tí ìfun ìyá ìyàwó mi lọ́. Ìyàwó mi ṣẹ̀ṣẹ̀ bímọ, ilé ló wà, èmi ni mo gbé Màmá lọ sí ọsibítù kan lọ́nà Ìbà. Dókítà ní òun máa gé ibi tó ti bàjẹ́ kúrò, òun á sì so orí méjèèjì pọ̀. Ó ní òun lè fi ọwọ́ rán an, òun sì lè fi ẹ̀rọ yìn ín ní píìnì.

"Píìnì kẹ̀? Dókítà, mo mọ píìnì o. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa fọwọ́ rán an."

Nínú ìrora yẹn, Màmá la ojú kan. "Ẹ gbọ́ ohun tí àna mi wí. Èmi kì í ṣe àga."

Dókítà rẹ́rìn-ín. Ó ní píìnì tòun kò jọ tèmi, kékeré ni, kì í dípẹtà, ó sì yá ju ọwọ́ lọ. Tí ẹ̀jẹ̀ bá ṣáà ti ń dé ibi tí a so, tí a kò sì fà á le jù, èyíkéyìí nínú méjèèjì á mú. Àmọ́ ìfun Màmá ti wú, ó ní èyí tó bá wú báyẹn, ọwọ́ ara òun lòun fọkàn tán jù. Ó rán an.

Iṣẹ́ abẹ náà lọ dáadáa. Dókítà wá sọ fún mi pé ohun tí òun ń retí kò ju ìsó lọ. Tí Màmá bá ti só, a jẹ́ pé ọ̀nà ti là, ìfun sì ti jí. Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí.

Nígbà tó yá, ẹ̀rín tán. Ní àràárọ̀ ni nọ́ọ̀sì ń bi wọ́n, "Màmá, ẹ ti só?" Wọ́n á kọjú sí ògiri, wọ́n á ní rárá. Ikùn wọn wú, wọn ò fẹ́ gbé omi mì. Lọ́jọ́ kan, dókítà fọwọ́ tẹ ikùn náà, ó fajú ro, ó ní tó bá di ìrọ̀lẹ́ tí kò sí nǹkan, ó lè jẹ́ pé àwọn á tún un là.

Ẹ̀rù bà mí gan-an. Ṣebí èmi ni mo ní kí wọ́n rán an. Tó bá jẹ́ píìnì ló yẹ ńkọ́? Kí ni màá sọ fún ìyàwó mi? Mo fa àga mọ́ bẹ́ẹ̀dì, mo ní n kò ní kúrò níbẹ̀ títí Màmá á fi só.

Ìyàwó mi pè. "Ibo lẹ wà?"

"Ẹ̀gbẹ́ wọn ni. N ò tíì dìde látàárọ̀."

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jáde síta."

"Kí n fi wọ́n sílẹ̀?"

"Màmá mi, tí kì í run egungun ẹran lójú yín? Àna wọn lẹ jẹ́. Wọ́n á pa á mọ́ra títí wọ́n á fi kú."

Ìsó inú ẹ̀kú, à-rá-mọ́ra, èmi gan-an ni mo wá di ẹ̀kú. Mo ní, "Màmá, mo fẹ́ lọ ra omi," mo sì ti ilẹ̀kùn. Mo dúró sí kọ́rídọ̀ pẹ̀lú fóònù lọ́wọ́.

Kò pẹ́ rárá. Ó dún, ó gùn, ó sinmi díẹ̀, ó tún bẹ̀rẹ̀. Obìnrin tó wà ní bẹ́ẹ̀dì kejì ní, "Ọlọ́run, a dúpẹ́." Mo fara ti ògiri, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi.

Mo wọlé, mo dọ̀bálẹ̀ gbalaja bí mo ṣe ṣe lọ́jọ́ tí mo wá tọrọ ọmọ wọn. Màmá ti fa aṣọ bo ojú.

"Àna mi, ṣé ẹ gbọ́ nǹkan kan?"

"Rárá o, Màmá. Ẹ mọ̀ pé ìbọn píìnì ti dí mi létí."

Wọ́n mí kanlẹ̀. Àfi bí ohùn ìyàwó mi ṣe jáde látinú fóònù tí mo gbàgbé láti pa, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín:

"Màmá, èmi gbọ́ o. Ẹ tún un ṣe."