Ọkọ̀ Òfuurufú Há Sínú Àwọ̀n l'Ẹ́pẹ̀ẹ́

Ọmọ apẹja ni Lùkúmàn, ọmọ Ẹ̀pẹ́. Kó tó mọ̀wé kà ló ti mọ ọkọ̀ ojú omi tù. Nígbà tó sọ fún ìyá rẹ̀, Àwẹ̀ró, lọ́dún 1956, pé òun ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń wa ọkọ̀ òfuurufú n'Ìkẹjà, ìyá ní, “Ṣé ẹja ti tán nínú ọ̀sà ni?”

Lọ́jọ́ tó kọ́kọ́ dá nìkan gbé ọkọ̀ rin ọ̀nà jíjìn, òyìnbó tó ń kọ́ ọ kìlọ̀ fún un pé bó bá fọ́ ọkọ̀ náà pẹ́nrẹ́n, ẹ̀kọ́ parí nìyẹn. Lùkúmàn gbéra. Ó kọjá lókè Ìkòròdú, ó kọjá Ìmọ́ta, inú rẹ̀ ń dùn ṣìnkìn. Bó ṣe kan Ẹ̀pẹ́ báyìí, ẹ́ńjìnnì bẹ̀rẹ̀ sí í wúkọ́. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó dákẹ́!

Iyanrìn etí ọ̀sà nìkan ló tẹ́jú nísàlẹ̀. Ibẹ̀ ló dorí kọ. Apẹja tó bá ń bọ̀ wálé máa ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ ti òun lẹ́yìn ni, kí ọkọ̀ lè gun iyanrìn. Ti òfuurufú kò rí bẹ́ẹ̀: ojú ni wọ́n ń kọ sí afẹ́fẹ́, kí eré lè rọlẹ̀. Lùkúmàn mọ̀ ọ́n dáadáa, àmọ́ nígbà tí àyà já, ohun tó bá lágbo ilé ni ọwọ́ rẹ̀ ṣe. Ó balẹ̀, afẹ́fẹ́ ń tì í! Ọkọ̀ ń sáré, kò dúró! Àwọn obìnrin tó ń yan ẹja ké “Lá ìláhà ílàlọ́ọ̀!”, wọ́n tú ká. Gbàgà, ó kó sínú àwọ̀n tí Bàbá Súbérù, àgbà apẹja, sá sórí òpó. Àwọ̀n wé e, ó dúró.

Bàbá Súbérù sáré dé. “Ta ló wà nínú kinní yìí?”

“Èmi ni, bàbá. Ẹ má bínú.”

“Lùkúmàn! Nínú gbogbo ẹja tí mo ti mú láyé mi, ìwọ lo tóbi jù!”

Nírọ̀lẹ́, òyìnbó tí wọ́n ti ránṣẹ́ sí fi mọ́tò dé. Ó yí ọkọ̀ po, ó tún un yí po. Ẹ wo iṣẹ́ Ọlọ́run: kò sí ibi tó fọ́. Ó wo ipa táyà lórí iyanrìn, ó wá bi Lùkúmàn pé kí ló dé tó fi kẹ̀yìn sí afẹ́fẹ́.

“Bá a ṣe ń gúnlẹ̀ nílé wa nìyẹn, sà.”

Òyìnbó rẹ́rìn-ín títí omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ní òun á tún ẹ́ńjìnnì ṣe, àmọ́ Lùkúmàn fúnra rẹ̀ ni yóò gbé ọkọ̀ padà.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Lùkúmàn kọjú sí afẹ́fẹ́. Ọkọ̀ sáré, ó fò fìrì! Gbogbo Ẹ̀pẹ́ hó yèè. Àwẹ̀ró nìkan ni ò hó. Ó di ojú rẹ̀ pinpin, ó ń ka Áyátù Kúrísíyù inú Kùránì fún ààbò ọmọ rẹ̀, ó sì ń bi ẹni tó dúró tì í pé, “Ó ti lọ? Ṣé ó ti lọ?”